"Kérésì Kò Dùn Mọ́": Kí Ló Yí Padà Nílẹ̀ Yewa?

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí ìdánwò sì ń lọ sópin, gbólóhùn kan wà tí ẹ ó máa gbọ́ káàkiri họ́sítẹ́ẹ̀lì: "Kérésì kò dùn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀." Ọmọ ọdún méjìdínlógún ń sọ ọ́. Àwọn àgbà ẹ̀ka wa tí wọ́n ti gboyè láti ogún ọdún sẹ́yìn ń sọ ọ́. Àwọn òbí wa pàápàá ń sọ ọ́ nígbà tí àwa ń sáré kiri àdúgbò pẹ̀lú awò oníke lójú àti aago tí kò ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ìran kọ̀ọ̀kan bá gbà pé ìgbà èwe tòun ni Kérésì dùn gbẹ̀yìn, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà gba àyẹ̀wò. Ṣé ọdún ló yí padà ni, àbí àwa tí à ń ṣọdún?

Ìlaròó ni mo gbé dàgbà, ìyá bàbá mi sì ń gbé ní Ayétòrò. Nítorí náà, ilẹ̀ Yewa ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. N ó mú àwọn nǹkan tó mú Kérésì jẹ́ Kérésì fún wa ní kékeré lọ́kọ̀ọ̀kan, kí á wo èyí tó yí padà lóòótọ́, èyí tó jẹ́ pé ojú ọmọdé la fi wò ó, àti èyí tó ṣì wà níkàáwọ́ wa.

Orúkọ àti ọjọ́

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Èdè Yorùbá kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀lé ara wọn, kì í sì í fi irú ìró s parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí Christmas dé ọ̀dọ̀ wa, a fi fáwẹ̀lì sáàárín k àti r, a fi òmíràn tẹ̀lé s, a sì fi ọ̀kan parí rẹ̀: Kérésìmesì. Nígbà tó pẹ́, ẹnu gé e kúrú sí Kérésì. Àwọn ìbátan wa tó wà ní Pobè àti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni wọ́n ti gba tiwọn; Nóẹ́lì ni wọ́n ń pè é. Ẹbí kan náà, ọdún kan náà, orúkọ méjì.

Bíbélì kò dárúkọ ọjọ́ tí wọ́n bí Jésù. Ní Róòmù, ó kéré tán láti ọdún 336 ni wọ́n ti ń ṣe ìrántí rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá. Lọ́dọ̀ tiwa, Àgbádárìgì ni wọ́n máa ń tọ́ka sí pé wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní 1842, ọdún tí Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti ìjọ CMS gúnlẹ̀ síbẹ̀. Àgbádárìgì kò sì jìnnà sí wa: ilẹ̀ Yewa ni ọ̀nà àwọn oníṣòwò gbà láti etíkun lọ sí Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè é: ọdún. Oṣù méjìlá ni ọdún, àjọ̀dún náà sì ni ọdún. Kí onígbàgbọ́ tó dé, a ti ń dáṣọ ọdún, a ti ń se oúnjẹ ọdún, ọmọ tó wà lẹ́yìn odi a sì máa wálé wá ṣọdún. Kérésì kò wá kọ́ wa bí a ṣe ń ṣọdún. Àga tó ti wà nílẹ̀ ló jókòó sí. Ohun tí a ń rántí láti kékeré pọ̀ ju ìsìn inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ: ìrìn àjò ni, oúnjẹ ni, àbẹ̀wò ni. Ibẹ̀ sì ni ìyípadà ti lè wọlé.

Ọyẹ́, òtútù tiwa

Ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, bí wọ́n bá fẹ́ ṣe igi Kérésì, tíṣà a ní kí olúkúlùkù mú òwú wá láti ilé. A ó já òwú náà wẹ́wẹ́, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀ka igi, kí ó lè dà bíi yìnyín tí a rí lórí káàdì. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rí irú yìnyín bẹ́ẹ̀ rí, tíṣà pàápàá kò rí i. Bí a sì ti ń lẹ òwú yìí ni ètè wa ń là, tí gìgísẹ̀ wa ń sán, tí ìyá wa ń fi òrí tàbí àdín pa wá lára láràárọ̀. Òtútù Kérésì tiwa wà níta, a kò kàn yà á sórí káàdì ni.

Aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọyẹ́ ti ń wá. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹta, atẹ́gùn láti àríwá ìlà-oòrùn a máa gbá eruku wá sọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ nínú eruku náà ń ti àfonífojì Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá. Atẹ́gùn yìí gbẹ gan-an. Ìdí nìyẹn tí oòrùn fi lè mú lọ́sàn-án kí òtútù sì mú láfẹ̀mọ́júmọ́. Omi inú afẹ́fẹ́ àti ìkúukùu ló máa ń dà bí aṣọ ìbora tí kì í jẹ́ kí ooru ilẹ̀ tètè sá lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, tí ojú ọ̀run sì ṣí, ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án a bá òru lọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, gbogbo ọmọdé á ti yí iná tí wọ́n fi ń gbé omi ìwẹ̀ kaná ká.

Wọ́n ní ọyẹ́ kò mú mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí gba sùúrù. Ìlaròó kò jìnnà sí òkun. Atẹ́gùn tútù láti òkun àti atẹ́gùn gbígbẹ láti aṣálẹ̀ ń du ilẹ̀ wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Lọ́dún kan, ọyẹ́ lè dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́dún mìíràn, ó lè fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kó sì lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà èwe wa. Ṣùgbọ́n ìrántí ọmọdé kì í ka ọjọ́. Ọjọ́ mẹ́rin tí òtútù mú gidi ló ń dúró lọ́kàn, yóò sì gbapò gbogbo oṣù Kejìlá. Níbi ọyẹ́, mo rò pé àwa la yí padà jù.

Ìrẹsì

Láyé àwọn ìyá wa àgbà, láfún, ẹ̀kọ, ẹ̀bà àti iṣu ni oúnjẹ ojoojúmọ́ nílẹ̀ Yewa. Ìrẹsì jẹ́ oúnjẹ ọdún. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé láàárín 1970 sí 1980 ni ìrẹsì òkèèrè wá kún ọjà. Láti 1985 títí di 1995, ìjọba fi òfin de kíkó o wọlé. Ní 2016, wọ́n tún fi òfin de gbígbé e gba ibodè orí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àgbègbè ibodè, òfin ń lọ, ìrẹsì ń bọ̀. Ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀ fẹ́rẹ́, irú èyí tí a fẹ́ràn ní Nàìjíríà, ń wọ èbúté Kútọnu lọ́pọ̀ yanturu, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Benin fúnra wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ irú rẹ̀. Kò sí ọmọ Yewa tí wọ́n ń sọ ibi tí ó ń lọ fún.

Nílé wa, iṣẹ́ Kérésì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sán ọjọ́ 24. Àwa ọmọdé ló ń ṣa òkúta inú ìrẹsì lórí atẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń tò síbi ẹ̀rọ ata, nítorí pé gbogbo ìlú ló ń lọ ata lọ́jọ́ náà. Adìyẹ á ti wà lórí ìso láti ọjọ́ mẹ́ta, a ó ti sọ ọ́ lórúkọ, a ó sì sunkún díẹ̀ bí wọ́n bá mú un lọ sẹ́yìnkùlé. Omijé náà kì í pẹ́ tí òórùn ọbẹ̀ yóò fi nù ún.

Ìrẹsì ọjọ́ yẹn dùn nítorí pé a ti ń retí rẹ̀. Ọmọ tó ń jẹ ìrẹsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ní búkà yunifásítì, kí ni abọ́ ìrẹsì kan fẹ́ sọ fún un ní ọjọ́ 25? Bí a bá dá a dúró síbẹ̀, a ó ní ojú ọmọdé náà ni.

Kò dúró síbẹ̀ o. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìrẹsì tún ti di ọ̀wọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé. Èéṣe tí adùn rẹ̀ kò fi padà wá? Nítorí pé ọ̀wọ́n méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀wọ́n àtijọ́ máa ń parí ní ọjọ́ Kérésì. A mọ ọjọ́ tí ìkòkò yóò kún. Ọ̀wọ́n ìsinsìnyí kì í bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ ọdún. Ní oṣù Kejìlá 2024, láàárín ọjọ́ mẹ́rin, èrò tẹ ara wọn pa níbi ayẹyẹ ọdún àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn, níbi tí ọmọ 35 ti kú, àti níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ọdún ní Òkìjà àti ní Àbújá. Ẹni tó bá ní ojú ọmọdé nìkan la fi ń wo Kérésì àtijọ́, kí ó rántí àwọn òbí tí ọmọ wọn jáde lọ ṣọdún tí wọn kò padà wálé.

Ibodè

Ní 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tó la ilẹ̀ wa sí méjì. Pobè, Kétu àti Ìsàkẹ́tẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìlaròó, Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ẹbí kò mọ̀ pé àwọn ti di àlejò ara wọn. Àbúrò ìyá mi obìnrin fẹ́ ọkọ sí Pobè. Ní gbogbo ìgbà èwe mi, òun ni Kérésì fún mi. Ọjọ́ 23 ló máa ń dé, pẹ̀lú búrẹ́dì gígùn àwọn Faransé àti bisikíìtì tí a kì í rí ní Ìlaròó, tí yóò sì máa fi owó sẹ́fà dán wa wò bóyá a mọ iye tó jẹ́ ní náírà. Bí ó bá ti jókòó, ìyá mi á ní, "Àbúrò mi ti dé, ọdún dé nìyẹn."

Ní oṣù Kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa. Ní oṣù Kọkànlá, àṣẹ tún jáde pé kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ibodè. Owó ọkọ̀ gbérasọ. Àǹtí mi kò wá lọ́dún náà. Orí fóònù ló ti kí wa. Ìyá mi se ìrẹsì, ó bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ nínú abọ́ bí ó ti máa ń ṣe, kò sì sẹ́ni tó bi í pé ta ló fẹ́ jẹ ẹ́. Ní oṣù Kejìlá 2020, wọ́n ṣí ibodè mẹ́rin, ti Ẹ̀bá-Òkun ní Sèmè wà lára wọn. Ti Ìdí-Ìrókò, tó sún mọ́ wa, di oṣù Kẹrin 2022. Kérésì mẹ́ta ló ti kọjá lọ. Ọmọ tó jẹ́ ọdún mẹ́fà nígbà tí wọ́n tì í ti ń lọ bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí wọ́n ṣí i. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má mọ ìbátan rẹ̀ lójú mọ́. Èyí kì í ṣe ojú ọmọdé rárá. Nǹkan yí padà lóòótọ́.

Ìmẹ̀kọ

Síbẹ̀, àpẹẹrẹ kan wà nílẹ̀ Yewa tó fi hàn pé ìrìn Kérésì kò tíì kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1947, Samuel Bilewu Joseph Oshoffa, káfíńtà ni, dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì Láti Ọ̀run, tí a mọ̀ sí Sẹ̀lẹ́, sílẹ̀ ní Pọtonófò, èyí tí àwa ń pè ní Àjàṣẹ́. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni ìyá rẹ̀. Nígbà tó kú ní oṣù Kẹsàn-án 1985, Ìmẹ̀kọ ni wọ́n sin ín sí, níbi tí ìjọ náà ní ìlú mímọ́ rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí Kérésì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ náà a máa wọ́ lọ síbẹ̀ láti gbogbo Nàìjíríà, láti Benin, láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, láìwọ bàtà.

Bí mo bá wà ní Ayétòrò lọ́dọ̀ Ìyá àgbà, etí títì la máa ń jókòó sí tí a ó máa ka bọ́ọ̀sì aláṣọ funfun. Ìjọ Ángílíkà ni Ìyá ń lọ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n a máa ní kí a gbé omi tútù fún wọn bí ọkọ̀ bá dúró. Mo fi ọ̀rọ̀ Ìmẹ̀kọ kún un nítorí pé ó ṣàlàyé nǹkan kan: ìrìn àjò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti pinnu láti máa rìn pa pọ̀ a máa le ju owó ọkọ̀ lọ. Ẹbí tó bá ti dájọ́, tó sì ń dá owó jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, yóò rìn. Ẹbí tó bá ń retí kí owó kọ́kọ́ wà ná, orí fóònù ni yóò ti ṣọdún.

Abọ́ tó ń lọ, abọ́ tó ń bọ̀

Ó wá ku ohun tí mo kà sí ọkàn Kérésì wa, ìyẹn abọ́. Bí a bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, a kì í jẹun títí ìyá mi yóò fi bu abọ́ tán. Ti àgbà ilé ló ń kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ti Ìyá Àlájà tó wà lódìkejì, lẹ́yìn rẹ̀ ti ìmáàmù àdúgbò, kí ó tó kan àwọn tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á fi ìdérí bò ó, wọ́n á fi aṣọ funfun dì í, àwa ọmọdé á sì rù ú. Ẹni tó gbà á á gbàdúrà fún wa, á fún wa lówó ọdún, á sì fọ abọ́ kó tó dá a padà. Bí Iléyá bá dé, ẹran àgbò á bá ọ̀nà kan náà padà wá.

Ẹ wo bí ètò yìí ṣe gún régé. Kàlẹ́ńdà àwọn mùsùlùmí fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú ju tiwa lọ, nítorí náà Iléyá ń yí ká gbogbo ọdún ni, ó sì ń gbà tó ọdún 33 kí ó tó padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ọdún méjèèjì kì í sábà bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà. Ní ìgbàkígbà, ẹnì kan ló jẹ ẹnì kejì ní abọ́ kan. Gbèsè tí kì í tán yìí ló ń so àdúgbò pọ̀. Àwọn àgbà ló ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Ètò abọ́ ló ń rí i pé oníkálùkù ní ọjọ́ tirẹ̀ tí yóò jẹ́ ẹni tó ní.

Kí ló dín in kù? Ọ̀wọ́n oúnjẹ wà níbẹ̀, òótọ́ ni. Ilé onífúláàtì tó ní géètì àti odi wà níbẹ̀, nítorí pé ọmọdé kò lè fi abọ́ lórí máa kan géètì. Ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ kí ẹ wo abọ́ fúnra rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé, abọ́ oníke tí a ń jù nù ni a fi ń bu oúnjẹ báyìí. Ó rọrùn, kò sí fífọ̀. Ṣùgbọ́n abọ́ tí a kò ní dá padà kò ní ìdí tí yóò fi padà wá. Abọ́ ìyá mi tí a kọ orúkọ sí nídìí, tó bá wà nílé Ìyá Àlájà, dandan ni kí ẹnì kan rìn.

Níbo ló wá kù sí?

Nígbà tí a bá pín ọ̀rọ̀ náà báyìí, ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọyẹ́ ń fẹ́ bó ti ń fẹ́. Àwa la dàgbà. Ìrẹsì pàdánù adùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lákọ̀ọ́kọ́ nítorí pé ó pọ̀, lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé ó wọ́n. Ibodè gba nǹkan lọ́wọ́ wa, kì í sì í ṣe àwa la tì í. Abọ́ ní tirẹ̀, ọwọ́ wa ló wà.

Ohun kan sì wà tí ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde níláti rántí. Nígbà èwe wa, àwa la ń ru abọ́, àwọn mìíràn ló ń bù ú. A ń gba owó ọdún, a kò mọ ibi tó ti ń wá. Apá kan nínú ohun tí a ń pè ní àìdùn ni pé iṣẹ́ ti yí sí wa lọ́wọ́. Adùn ẹni tí ń gbà ti tán fún wa. A kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ adùn ẹni tí ń bù.

Kò dìgbà tí a bá ní àpò ìrẹsì. Ṣíbí mẹ́rin nínú abọ́ gidi, abọ́ tí a ó dá padà, tó láti kan ilẹ̀kùn yàrá kejì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, pàápàá ti ẹni tí kò rówó ọkọ̀ lọ sílé. Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò nílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n ru abọ́ lọ sílé aládùúgbò, kí wọ́n lè ní ohun tí wọn yóò máa rántí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí lódìkejì ibodè, ẹ dá ọjọ́ báyìí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó ọkọ̀.

Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Ọdún á yabo fún gbogbo wa.